Ọ̀rá Inú Oúnjẹ Màlúù Hajiya Dije

Nínú gbogbo ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ làábù ní Kaduna, ìtìjú kan ló pẹ́ jù lára mi.

Oúnjẹ ẹran là ń yẹ̀ wò. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Hajiya Dije, ìyá Fúlàní tó ń sin màlúù ní Barakallahu, gbé àpò oúnjẹ tuntun kan wá. Ó ní láti ìgbà tí àwọn màlúù òun ti ń jẹ ẹ́, bí òun gbọn wàrà títí, manshanu kì í jáde. Manshanu, ìyẹn bọ́tà inú wàrà, sì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá.

Mo fa ọ̀rá inú oúnjẹ náà jáde, mo wọ̀n ọ́n. Ó pọ̀ gidi, inú mi dùn.

“Hajiya, oúnjẹ yìí dára, ọ̀rá kún inú rẹ̀. Àwọn màlúù yín ni kẹ́ ẹ wò.”

“Malam, wallahi, oúnjẹ yẹn ni. Òróró rẹ̀ ti pọ̀ jù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò wọ ilé ìwé ni yóò kọ́ mi níṣẹ́? Mo buwọ́ lu èsì, mo fà á lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀gá mi, Alàgbà Òjó, ará Ògbómọ̀ṣọ́, rí ẹ̀dà èsì náà.

“Irú ọ̀rá wo ni?”

“Ọ̀rá ni, sà.”

“Mo ní irú èwo! Tí ọyẹ́ bá mú, ṣé epo pupa àti òróró sóyà jọ máa ń dì ni?”

Ìgbà náà ni mo rántí ẹ̀kọ́ mi. Ásíìdì ọ̀rá, àwọn ohun tó para pọ̀ di ọ̀rá, ló ń mú kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí irú èyí tó wà nínú òróró sóyà bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ màlúù, ṣe ló ń dín ọ̀rá inú wàrà kù. A ní ẹ̀rọ tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀lẹ àti ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n lò ó. A lò ó lọ́jọ́ náà: òróró sóyà ló kún inú oúnjẹ yẹn.

Mo gun achaba, ìyẹn ọ̀kadà, lọ sí Barakallahu. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà, mi ò tiẹ̀ wo ìgbẹ́ màlúù.

“Hajiya, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ yẹn mọ́.”

“Mo ti dá a dúró. Manshanu ti padà.”

Ọkàn mi fẹ́ balẹ̀, àfi ìgbà tó tún sọ̀rọ̀.

“Ìwọ lo ní màlúù ni kí n wò. Màlúù mi Fara ló dàgbà jù nínú wọn, mo rò pé òun ló fà á, mo tà á fún alápatà. Manshanu ò wá. Ìgbà yẹn ni mo tó dá oúnjẹ náà dúró.”

Ó bu wàrà sínú igbá, ó gbé e fún mi, bọ́tà léfòó lórí rẹ̀. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí i mu.