Ọkọ̀ Tó Ń Hó Lọ́nà Ẹ̀pẹ́

Títí di òní, inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń bí mi nínú o. Ọkọ̀ kò mọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ló ń bí mi nínú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á lọ́wọ́ bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tẹrú-tọmọ. Bàbá náà ti fi sá eré ráàlì nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ìyẹn ìdíje tí wọ́n máa ń fi ọkọ̀ sá lórí ọ̀nà eruku àti yanrìn: ẹnì kan á máa wà á, ẹnì kejì á jókòó tì í, á máa ka ojú ọ̀nà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa wà á, ó ní èmi ni n ó máa ka ọ̀nà. Ọmọ Ọ̀ṣun ni wá, ilé kan náà la jọ háyà ní Ìkòròdú. Òun ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jáde. Èmi ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Sátidé nìkan ni ọjọ́ tiwa, ọkọ̀ yẹn ni a sì fẹ́ máa fi Sátidé wa ṣe.

Ọjọ́ tí a gbé e bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kò gbóná rárá. Ẹ̀gbọ́n mi sáré débi tí mo fi di ìjókòó mú. Èmi ni mo rántí èyí dáadáa, ẹlòmíràn kò fẹ́ rántí ẹ̀.

Mẹkáníìkì wa wà ní Ìgbògbò. Ó jù wá lọ dáadáa, Ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ lọ fún un pé kó pààrọ̀ ọ́ìlì, kó sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbó, pàápàá àwọn tó ń gbé omi lọ gbé omi bọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ó ṣe é. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kọjá Ìtoìkin, ẹ̀gbọ́n mi tẹ iná mọ́ ọn, ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kò pẹ́ tó fi wọ ibi pupa. A dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ.

"Tẹmosítáàtì ni," Ọ̀gá wí nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó. "Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Kò wúlò fún wa níbí." Ó yọ ọ́ dànù.

Ọkọ̀ ṣì ń hó. Ó ní fáànù ni. Ó fa wáyà rẹ̀ tààrà, kó lè máa fẹ́ láìdúró. Ọkọ̀ ṣì ń hó. Ó ní gáskẹ́ẹ̀tì, awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ti jó, ó tú orí ẹ́ńjìnnì palẹ̀ pátápátá. Gáskẹ́ẹ̀tì tó yọ jáde, mo fi ojú ara mi wò ó: kò jó níbì kankan. Ó tò ó padà. Ọkọ̀ ṣì ń hó.

Ọjọ́ yẹn ni mo la ẹnu. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá wà nínú gosilóò ní ibùdókọ̀ Benson, kì í gbóná. Ó lè dúró síbẹ̀ títí, abẹ́rẹ́ kò ní mì. Ìgbà tí a bá ń sáré, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ìgbà yẹn ló ń hó. Kí ló fà á?"

Kò wo ojú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí. "Brọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún àǹtí yìí kí wọ́n lọ jókòó síbòòji. Oòrùn ń pa wọ́n."

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Nígbà tí ọjọ́ ìdíje kan pé, ẹ̀gbọ́n mi bẹ Ọ̀gá pé kó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wa. A ò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀nà yanrìn tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ tí tiwa fi hó. Irin tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró ti ṣẹ́, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi fi apá gbé e sókè. Ọ̀gá mú àkísà, ó ń lọ síbi ìdérí rédíétọ̀.

Mo pariwo. "Ẹ má ṣí i o! Ẹ jẹ́ kó tutù ná!"

Ó ní, "Ṣé èmi lẹ fẹ́ kọ́ níṣẹ́?" Ó sì yí i.

Omi náà ru jáde. Òun alára fò sẹ́yìn. Apá ẹ̀gbọ́n mi ni omi yẹn bọ́ lé, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. N kò tíì gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ké bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń da omi tútù sí i lápá, Ọ̀gá wá ń sọ lẹ́yìn mi pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kò kan ojú."

Mo yíjú sí i. "Ìwọ! Ìwọ lo ṣí i! Mo ní o má ṣí i! Ṣé Ọlọ́run ló ki àkísà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi tí awọ ara rẹ̀ ń bó lọ́wọ́ ló dá mi lóhùn. "Dákẹ́ ẹnu ẹ. Àgbà ni wọ́n."

A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n di apá rẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá kí wa nílé ló ń bá mi wí pé mo pe àgbàlagbà ní ìwọ. Kò sí ẹni tó bi Ọ̀gá ní ohunkóhun.

Ìbínú yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà wa. Mo ti rò ó débi pé mo mọ ohun tí mo ń wá. Tí kò bá gbóná níbi tó dúró sí, a jẹ́ pé fáànù dára, omi náà sì ń lọ. Tó bá wá ń gbóná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ gan-an, a jẹ́ pé omi ló ń dúró lásìkò náà. Kí ló ń dá a dúró? Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ kì í sáré. Ibi tó dúró sí jẹ́jẹ́ ló ti máa ń wò ó.

A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo rọ́bà ìsàlẹ̀, èyí tí pọ́ǹpù fi ń fa omi láti inú rédíétọ̀.

"Ẹ tẹ iná."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ má fi sílẹ̀."

Rọ́bà náà bá fún pọ̀ lójú mi. Ó pẹlẹbẹ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí èèyàn ń fà mu tán. Mo ní kó fi iná sílẹ̀, rọ́bà wú padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fún pọ̀. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó, èmi wá bọ́ síbẹ̀, mo tẹ iná. Ó wò ó títí. Ó ní, "Háà." Lẹ́yìn náà ló ní, "A ó rọra bá Ọ̀gá sọ ọ́ o."

Mo dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, mo tú rọ́bà náà, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbògbò. Omi ń kán sí yẹ̀rì mi lọ́nà.

Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò. Ara rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Sípíríǹgì wà nínú ti tẹ́lẹ̀. Ó ti dípẹtà, mo jù ú nù. Tuntun tí mo rà kò ní."

"Kí ni iṣẹ́ sípíríǹgì náà?"

"Kí rọ́bà má baà fún pọ̀."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó mọ̀! Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú nù, ó wá tú odindi ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nítorí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gá, ta ló yọ ọ́?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ fún Ọlọ́run."

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀. Ta ló yọ ọ́?"

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ó wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Ta ló ṣí ìdérí?"

"Èmi náà ni. Ẹ má bínú."

Mo rò pé tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ọkàn mi á fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Mo gba rọ́bà mi, mo jáde.

A rí rọ́bà tó ní sípíríǹgì rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, a sì ra tẹmosítáàtì míì, a dá a padà síbi tí wọ́n ṣe é fún. Apá ẹ̀gbọ́n mi kò tíì lè di ìdarí mú, nítorí náà èmi ni mo wà á lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo tẹ iná dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń tẹ̀ ẹ́ dé. Abẹ́rẹ́ gòkè dé àárín, ó sì jókòó síbẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀sà ni a ti páàkì. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ń fi ọwọ́ tó sàn gbá dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ó wá ní, "Tí a bá tún fẹ́ sá ìdíje, Ọ̀gá á tẹ̀ lé wa. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Kò yẹ ká já wọn sílẹ̀ nítorí àṣìṣe kan."

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ní, "Ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé wa, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa ka ọ̀nà fún yín."

Ó bẹ̀ mí, ó bá mi wí, ó ní ọkàn mi le jù. N kò yí ohùn padà. Ó wá ẹlòmíràn títí, kò rí, ló bá fi Ọ̀gá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì nìkan ṣe lọ sí ìdíje tó tẹ̀ lé e. A ò gba ife, ṣùgbọ́n a parí rẹ̀, ọkọ̀ kò sì hó. Ó bínú sí mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Mo jẹ́ kó bínú.