Ìdọ̀bálẹ̀ Mi Nínú Àbàtà

Ẹ wo èmi Dìran, télọ̀ Kemta, tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé ṣòkòtò mi. Lọ́dún 1948, mo fẹ́ fi Morónkẹ́ ṣaya, bàbá rẹ̀ kò sì gbà. Bàbá Ọ̀ṣunjìmí, àgbẹ̀ olórìṣà ni wọ́n, ní abà kan lẹ́yìn Láfẹ́nwá. Wọ́n ní ìdajì ìdọ̀bálẹ̀ ni àwa ọmọ ìlú ń ṣe, pé aṣọ wa là ń ṣọ́. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Orí ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ni mo máa ń dúró lé, àyà mi kì í kan ilẹ̀.

Wọ́n ní kí n padà wá ní Sátidé, àwọn á tún mi wò. Bí n kò bá tún tẹ́ wọn lọ́rùn, ó parí nìyẹn. Kí wá ni mo wọ̀ lọ? Ṣòkòtò funfun báláú! Orí mi ò mà pé o.

Bàbá ṣì wà lóko nígbà tí mo dé, ni Morónkẹ́ bá mú mi lọ wo àbàtà ẹ̀yìn abà. Ti Ọ̀ṣun ni, ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ níbẹ̀, nítorí náà àwọn ẹran ibẹ̀ kì í sá féèyàn. Lékèélékèé bo orí igi, ẹja ń ta lábẹ́ ewé. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣakọ.

"Má kọjá ibẹ̀ yẹn o, irà ni!"

"Irà? Kí ló fẹ́ fi èmi ṣe?"

Mo gbẹ́sẹ̀ lé koríko kan. Awọ́nríwọ́n ńlá jáde lábẹ́ rẹ̀, ó fi ìrù na ojúgun mi. Yéè! Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kọ̀ kò yọ, mo bá dojú bolẹ̀ gbalaja, àyà, ikùn, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe gbójú sókè, Bàbá ni mo rí níwájú mi, ọkọ́ léjìká, wọ́n ń toko bọ̀.

"Morónkẹ́, ṣé ó ṣubú ni, àbí ó ń kí mi?"

Irà kún ẹnu mi. Bó bá sọ òótọ́, mo gbé. Láti àárọ̀ ló sì ti ń fara da ìṣakọ mi.

Ó kúnlẹ̀. "Ó ń kí yín ni, Bàbá."

Bàbá wò mí títí. "Èyí délẹ̀ dáadáa. Dìde, àna mi."

Ta ló lè dìde? Àwọn méjèèjì ló fà mí yọ. Morónkẹ́ kò rẹ́rìn-ín rárá títí Bàbá fi wọlé. Ìgbà tó wá bú sẹ́rìn-ín, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń fọwọ́ lu ilẹ̀, ni ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti níyàwó.