Afimúmọ̀, Ẹni Tó Ń Fi Imú Yẹ Òwú Wò

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá pè é síbi ìgbéyàwó, kí ẹ yáa tọ́jú etí aṣọ yín. Kì í jalè, kì í mutí. Ìṣáná ló máa ń mú dání. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń lọ sílé ọkọ, ó fa fọ́nrán òwú kan yọ lábẹ́ kóòtù ọkọ ìyàwó, ó ṣáná sí i níṣojú gbogbo ẹbí, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹni tó ta kóòtù yìí fún yín sọ pé irun àgùntàn ni, àbí? Irọ́ ló pa. Inú ìkòkò ni wọ́n ti sè é." Àwọn àna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àfi ọkọ ìyàwó tó ti ń fi kóòtù náà yangàn láti àárọ̀.

Afimúmọ̀ ni wọ́n ń pè é nílé iṣẹ́ òwú tó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, inú ìwé àwọn akọ̀wé nìkan ló kù sí.

Òwú àtọwọ́dá ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń ṣe. Hóró funfun kéékèèké bí ìrẹsì ló ń dé nínú àpò, epo ilẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i. Wọ́n á dà á sínú ìkòkò irin ńlá, iná á yọ́ ọ títí á fi ki bí oyin. Ẹ̀rọ á wá tì í gba inú àwo irin kan tí wọ́n lu níhò, ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, bí igba lójú àwo kan. Bó ṣe ń jáde ni atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i, tó ń gan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á nà án, nínà yẹn gan-an ló sì ń fún un lágbára. Èyí tí wọn ò tíì nà, ọwọ́ lásán lè já a. Èyí tí wọ́n ti nà dáadáa, ẹ fi ṣe okùn, á so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú inú oko pẹ̀lú, wọ́n tún ń po méjèèjì pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ká òwú sára igi ni Afimúmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá tó ṣàkíyèsí imú rẹ̀.

Imú náà kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Wọ́n fún un ní yàrá kan: tábìlì olójú irin, àwo, ẹ̀mú, páálí ìṣáná, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Á fi ẹ̀mú di fọ́nrán mú, á ṣáná sí i, á wo iná, á fa èéfín símú, á fi ìka tẹ eérú. Òwú inú oko ń rùn bí ìwé tó ń jóná, eérú rẹ̀ sì fúyẹ́. Irun àgùntàn ń rùn bí irun orí. Pọliẹ́sítà, ìyẹn òwú àtọwọ́dá wọn, á sún kì, á yọ́, á rú èéfín dúdú, òórùn dídùn kan tó ń mú èébì gbéni á wà lára rẹ̀, á sì gan di kókó dúdú líle. Tí wọ́n bá po pọliẹ́sítà díẹ̀ mọ́ òwú inú oko, iná lè tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n kò tan imú yẹn jẹ rí. Ẹ̀rọ kan wà tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ yìí. Nítorí pé ẹ̀rọ náà lọ́ra, tí imú kì í lọ́ra, wọ́n fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀ kan.

Ilé ìyọ́rin tó wà ní òdì kejì títì jẹ́ oníbàárà wọn. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń da irin yíyọ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní òwú àtọwọ́dá nínú rárá. Kì í ṣe pé òwú àtọwọ́dá burú. Òun ló wà nínú àwọ̀n apẹja, nínú táyà ọkọ̀, nínú okùn tí dókítà fi ń rán ojú egbò. Ṣùgbọ́n tí iná bá ta sí òwú inú oko, á jó, á di eérú, ẹni tó wọ̀ ọ́ á gbọ̀n ọ́n dànù. Tó bá ta sí pọliẹ́sítà, yíyọ́ ni yóò yọ́, á lẹ̀ mọ́ awọ, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí i kúrò á ṣí awọ mọ́ ọn. Nítorí náà, ìdì òwú kankan kì í lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé Afimúmọ̀ buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí a ń wí yìí, ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ìkòkò irin yíyọ́ láti ibi iná lọ síbi tí wọ́n ti ń dà á.

Ọ̀fìnkìn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó dá bàbá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ibà lọ, ikọ́ lọ, wọ́n sì kó òórùn dání lọ. Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣáná sí irun àgùntàn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣí ìgò kẹrosíìnì, ó ti imú bọ ẹnu rẹ̀, àfi bí omi. Ẹ̀rù bà á. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n kí ni kó sọ? Ọkùnrin tó ń jẹ́ Afimúmọ̀, tí kò fi imú mọ nǹkan kan mọ́, kí ni kí wọ́n máa pè é? Ó ní òun ṣì lójú, òun ṣì lọ́wọ́. Ohun tí kò rò ni pé ọdún gbọọrọ tó fi ń tẹ eérú gbígbóná ti mú orí ìka rẹ̀ yi bí pátákò. Òun àti ìka rẹ̀ ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, imú ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura. Ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ kan, èéfín gba ilé, bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé bó o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìyàwó ò bá a sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ keje ló pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ yà wá jẹun kó tó wọṣẹ́ aago méjì. Aṣọ iṣẹ́ tuntun ló wọ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó. Àárọ̀ yìí ni wọ́n pín in, gbogbo wa la máa wọ̀ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu òwú ẹ̀, àbí?"

"Èmi náà ni." Inú rẹ̀ dùn. Àṣà ò sì jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti dé etí aṣọ náà. Ó fa fọ́nrán yọ, ó ṣáná sí i, ó wo iná, ó tẹ eérú. "Òwú inú oko pọ́nńbélé," ó wí.

Ọmọ náà gbórí sókè. Inú ilé yẹn ló dàgbà sí, kí eyín rẹ̀ tó pé ló ti mọ òórùn òwú.

"Bàbá, kí ló ń rùn?"

"Ìwé tó ń jóná."

"Àti nǹkan dídùn kan nínú ẹ̀." Ó gba eérú náà, ó ra á láàárín ìka tirẹ̀. "Nǹkan le níbí. Bí iyanrìn."

Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú àlùbọ́sà tí ìyá rẹ̀ ń gé lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dijú." Ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀. "Kí lèyí?"

Afimúmọ̀ fa èémí símú títí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe àlùbọ́sà nìkan ló fà á.

"Ó tó ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ méje."

"Ọbẹ̀ mi ọjọ́sí!" ni ìyàwó rẹ̀ ké.

Ọmọ náà dìde. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Màá sọ fún fọ́máànù pé èmi ni mo rí i. Ẹ ò ní mẹ́nu kan imú."

Ó wu bàbá. Ká má parọ́, ó wù ú gan-an. Ṣùgbọ́n ìdì mọ́kàndínlógún ló ti buwọ́ lù láàárín ọ̀sẹ̀ méje, kò sì lè fi ọ̀kankan búra. Tí wọn ò bá gbọ́ ti imú, ta ló máa padà lọ yẹ méjìdínlógún tó kù wò?

"Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ," ó wí bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀. "Ẹ̀sín yìí tèmi ni. Ikú ẹ̀, tàwọn ẹlòmíì ni."

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyọ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, gbogbo wọn nínú aṣọ tuntun.

"Bàbá Afimúmọ̀! Ẹ káàsán o," ni fọ́máànù kí i.

"Káàsán. Má jẹ́ kí wọ́n wọlé pẹ̀lú aṣọ yẹn. Pọliẹ́sítà wà nínú ẹ̀."

Fọ́máànù fa ìwé yọ lápò. "Ìbuwọ́lù yín rèé, Bàbá. Imú yín kì í parọ́."

"Imú mi ti kú. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje."

Fọ́máànù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nítòsí náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá tún ti gbé ìṣáná dé!" ni ẹnì kan pariwo. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ wọn láti gba òun gbọ́, wọn ò sì fẹ́ jáwọ́. Fèrè aago méjì dún. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Afimúmọ̀ di etí àpò aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á ya. Ó ṣáná sí àkísà náà, ó sì tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ó jó, ó yọ́. Ó gbọn ọwọ́, kò bọ́. Ó tún gbọ̀n ọ́n, ó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rín tán. Fọ́máànù súnmọ́ ọn, ó gbọ́ òórùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe àwọn tó ti wọlé padà, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tí aṣọ fi gun ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dúró nínú ohun tí wọ́n wọ̀ sábẹ́.

"Ó ku ìdì òwú méjìdínlógún," ni bàbá wí. "Ẹ má fi ìbuwọ́lù mi gba ọ̀kankan gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tú aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n á sì gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìdí ẹ̀rọ omi ni ọmọ rẹ̀ mú un lọ, ó ń da omi tútù sí ọwọ́ náà, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló dé tó o yíjú?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá."

"Kí ló ń rùn? Sọ fún mi."

"Ọwọ́ yín ni."

Ó gbé ọwọ́ náà sábẹ́ imú, ó fa èémí lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí.

"Ṣé bí irun àgùntàn?"

Ọmọ náà ń sunkún. "Bí irun àgùntàn."

"Ó dáa," ni Afimúmọ̀ wí. "Ìyẹn kì í ṣe àtọwọ́dá." Ó sì na ọwọ́ padà sábẹ́ omi.