Bébà Méjì Láti Orí Tábìlì Wa

Èmi ni mo mú un wá. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ìtàn yìí tí n kò ní kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, ní àdúgbò tó jẹ́ pé bí o bá ju òkò, orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò balẹ̀ sí. Èmi àti Màmá la wà nídìí tábìlì ìdìwé. Àwa là ń ká bébà, tí à ń tò ó, tí à ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an kí wọ́n tó lẹ èèpo mọ́ ọn. Màmá kì í ṣe ìyá tó bí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, opó ni, ó sì ń gbé ní Bàrígà, lọ́nà Ìlàjẹ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí òun nìkan ń tọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí mo bá ká bébà tí etí rẹ̀ kò bára mu, á gbá mi lọ́wọ́, á ní, "Ìwé lò ń dì ni àbí mọ́ínmọ́ín?"

Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́, bí ogún lẹ́ẹ̀kan náà, tí màá gún wọn mọ́ ara fóòmù kan kó lè máa yọ wọ́n lò. Ó ní ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn, àwọn méjì nínú àwọn tó ń tẹ̀wé fi ọ̀gá wa sílẹ̀ tẹ̀léra wọn, àwọn tó kù sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Ọ̀gá pè mí. "Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá, motivational speaker ni wọ́n máa ń pè fún staff wọn," ó ní. "Ìwọ lo mọ èèyàn. Wá ọ̀kan fún mi, kí ara yín lè yá síṣẹ́."

Mo mọ ọ̀kan. Ọkùnrin kan ní Abúlé Òkúta ni, oníbàárà wa, àwa la máa ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó ń tà níbi tó bá ti lọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń di ìwé yóò ka ìlà kan níbí, yóò ka ìlà kan lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo yìn ín fún ọ̀gá bí ẹni pé àbúrò mi ni.

Ó dé ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ kóòtù nínú ooru. A pa ẹ̀rọ, a jókòó lórí páálí bébà. Ó mọ̀ ọ́n sọ, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó mú kí á di ọwọ́ ara wa mú, kódà ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ìgébébà tí kì í kí ẹnikẹ́ni gbé ọwọ́ sókè, ó ní "Àkókò mi ti tó!" Mo ń wo ojú ọ̀gá. Inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ni ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí kálukú mú bébà.

"Ẹ má kọ orúkọ o. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù jù láyé, òun ni kí ẹ kọ. Èmi ò ní kà á, ọ̀gá yín ò ní kà á. Màá kó gbogbo ẹ̀ lọ sétí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, màá gbàdúrà sí i, màá dà á sómi. Ó parí!"

Nílé ìtẹ̀wé, ta ní ń wá bébà? Kálukú na ọwọ́ sí àgékù tó wà nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìdí ẹ̀rọ kìíní mú bébà yẹ́lò tí wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì. Àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà mú èyí tó ń dán. Èmi àti Màmá mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ìwé orin tí à ń rán lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò lè fọwọ́ lásán dá bébà kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Àwa náà la wá gbàgbé pé ìdí iṣẹ́ yìí ni ọ̀gá wa dàgbà sí.

Mo kọ tèmi kíá: Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní rí ọkọ fẹ́. Mo kà á sí Màmá létí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu mú. Ṣùgbọ́n bébà tirẹ̀ ṣì ṣófo.

"Màmá, ẹ kọ tiyín. Ẹ sọ òótọ́ o, Ọlọ́run lẹ̀ ń kọ ọ́ sí."

Ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi. "Bá mi kọ ọ́," ó ní, ó sì rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Ojú mi ti ń lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń wá ojú ihò tí mo bá ń ránwèé. Bí wọ́n bá mọ̀, kí ni mo fẹ́ fi bọ́ ọmọ yẹn?"

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi, ojú sì tì mí pé n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ká bébà náà kó kéré dáadáa, mo fi í sínú àpò náílọ̀n tí ọkùnrin náà gbé yíká.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n wá. Náílọ̀n náà ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti tú u, ó ti to àwọn bébà náà bí ẹni ń to iṣẹ́ oníbàárà: yẹ́lò lọ́tọ̀, dídán lọ́tọ̀. Méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà níwájú rẹ̀.

"Orí tábìlì yín nìwọ̀nyí ti wá," ó ní, "ọwọ́ rẹ ló sì kọ méjèèjì. Èwo ni tìẹ?"

Kò jágbe mọ́ mi. Ẹ̀rín músẹ́ ló ń rín, bí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni tó fẹ́ tọrọ omi. Mo lè sọ pé méjèèjì ni tèmi. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀, obìnrin tí ojú rẹ̀ ń lọ náà lè máa wá ọkọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni mo rò, mo na ìka.

"Ti ọkọ ni tèmi, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run mi, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti pe Màmá. Ó ní Màmá ti ṣiṣẹ́ tó, kó lọ sinmi, ó sì fún un ní ọ̀kan nínú ìwé ọkùnrin náà, èyí tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ ká. Mo sáré bọ́ síta, mo pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù, mo bú u bí n kò ṣe bú ẹnikẹ́ni rí. Ó jẹ́ kí n bú tán.

"Sister, ẹ̀yin náà mọ òfin iṣẹ́ yín," ó ní. "Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ni ín, ọ̀gá yín ló sì gbé e fún mi."

Inú ṣì ń bí mi sí i. Inú ń bí mi sí ọ̀gá náà, tí mo sìn tọkàntọkàn tó sì fi ẹnu mi ṣe ìkà rẹ̀. Àwọn méjèèjì dà mí. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, òótọ́ sì ni.

Nírọ̀lẹ́, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bàrígà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Màmá gbé ìwé náà lé orí itan, ó ń fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí bébà ti ká.

"Kò dà á sómi," ó ní.

"Kò dà á sómi, Màmá."

"Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ mi níbẹ̀. Ta ló wá sọ fún un pé èmi ni?"

Kẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n wá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní, "Ọkùnrin yẹn ni, Màmá. Èmi ni mo fà á, èmi ni mo mú un wá."

Ó wá ọwọ́ mi títí ó fi rí i, ó sì dì í mú. "Má da ara rẹ lẹ́bi. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìwọ lo fi òótọ́ inú bá mi lò níbẹ̀. Ọlọ́run á fún ọ ní ọkọ gidi, ọkọ tí kò ní dà ọ́."

Mo ní, "Àmín, Màmá."