Ohùn Mi Nínú Fóònù Ọdẹ Olè

Ẹ̀ṣọ́ igbó ni àbúrò mi obìnrin. Erin ni wọ́n ní kó máa ṣọ́. Ní àdúgbò wa ní Ìwó, ohun tí wọ́n ń retí ni pé ọmọbìnrin tó ka kéwú á ta aṣọ tàbí kó máa kọ́ ọmọ ní Àlùkùránì. Ẹ wá wo ojú àwọn ènìyàn lọ́jọ́ tó wọ bàtà òjò sábẹ́ híjáàbù, tó ní òun ń lọ dènà àwọn tó ń pa erin nítorí eyín. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Aya Erin. Gbogbo ilé bá mi pè é.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jẹgba lọ́wọ́ alùfáà kan náà. Kò sí ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe tí kì í rẹ́rìn-ín sí. Aláwàdà wo ni kò ní fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Nígbà Iléyá tó kọjá, àbúrò mi ò fẹ́ wálé. Abo erin kan tí etí rẹ̀ ya ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tìyá tọmọ ò sì kúrò létí odò kan.

"Bọ̀dá mi, èmi ni wọ́n fi odò yẹn sí níkàáwọ́. Bí mo bá kúrò, kò sẹ́ni tó máa dúró níbẹ̀."

Mo ní, "Ṣé erin ló bí ẹ ni? Ìyá wa ń béèrè ẹ."

Ó wá fún ọjọ́ mẹ́rin.

Bó ṣe ń gé ẹran lẹ́yìnkùlé lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù: "Wọ́n ní Aya Erin ti dé. Ibo ló wá fi ọkọ sí? Pa wá lẹ́rìn-ín jàre!"

Orí mi wú. Mo gba ohùn tèmi sílẹ̀, bí ẹni ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ: "Ẹ bá mi kí ìyàwó o! Ó fi ọkọ sílẹ̀ létí odò tí àràbà méjì wà, nísàlẹ̀ afárá tó wó. Ó di Mọ́ńdè kó tó padà!" Èmi fúnra mi tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí àbúrò mi fi padà, wọ́n ti pa ìyá erin, wọ́n ti fi àáké gé eyín rẹ̀ lọ. Ọmọ dúró tì í, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Ọwọ́ tẹ ọ̀kan nínú àwọn olè náà. Wọ́n tú fóònù rẹ̀ níwájú ọ̀gá àbúrò mi àti gbogbo ẹ̀ṣọ́, ohùn mi sì bọ́ síta: "Ẹ bá mi kí ìyàwó o!"

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó fa àga fún mi.

"Wọ́n ní kí n béèrè, mo béèrè. Ta ló ní kí o dáhùn? Ẹranko mà ni, ọ̀rẹ́ mi."

Mo wá ẹ̀fẹ̀ tí mo lè fi bú u. Mo fi àga rẹ̀ sílẹ̀, mo jáde.

Wọn ò lé àbúrò mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e kúrò nídìí erin, wọ́n ní kó máa kọ orúkọ àlejò lẹ́nu géètì. Mo pè é, mo ní ọ̀rẹ́ mi ló dà mí.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀rẹ́ yín ò mọ odò yẹn. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Ó ṣì ń pè mí ní gbogbo Jímọ̀. Mo bi í pé, ọmọ erin yẹn ń kọ́?

Ó ní, "Ìyá wa ń kọ́? Ṣé ara wọn le?"