Ilẹ̀ Àbàtà Tí Mo Ṣe Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò, omi ṣì dúró lórí oko Alhaja lẹ́yìn Ketu. Ewédú wọn ti pọ́n, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti ń rà. Èmi ni mo sì ṣe ilẹ̀ náà fún wọn.

Iṣẹ́ mi ni kí n mú ilẹ̀ oko tẹ́jú, kí n sì la gọ́tà fún un kí omi má baà pa ẹ̀fọ́. Bàbá Súlè, àgbàlagbà kan ní Agboyi, ló kọ́ mi. Rọ́bà omi funfun gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, tí a bu omi kún, la fi ń wọn ilẹ̀. A ó so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ èèkàn méjì. Ibi tí omi bá dúró sí lára èèkàn ni yóò sọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀.

Alhaja, tó ń ta tòmátì ní Mile 12, ti sọ fún mi pé, "Ìyá Kẹ́mi, mo fẹ́ kó tẹ́ bíi tábìlì o." Mo tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Nígbà tí omi ò lọ, Bàbá Súlè wá wò ó. Wọ́n ní, "O ṣe é kó rẹwà. Omi ò mọ ẹwà. Ibi tó máa gbà jáde ló ń wá."

Ojú tì mí. Mo lè sọ pé Alhaja ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni oníṣẹ́. Mo lọ bá Alhaja nísọ̀ tòmátì wọn.

"Alhaja, àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Wọ́n ní, "Lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbin nǹkan kan síbẹ̀ títí òjò ó fi rọ̀ sí i."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kó erùpẹ̀ lọ sápá òkè, kí ilẹ̀ lè dagẹ̀rẹ́ díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú lásán ò lè rí. Mo la gọ́tà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé kànáàlì tó ń gba omi àdúgbò náà.

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, omi ti lọ; Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀, ó fọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ gbé irúgbìn wá.

Bàbá Súlè rin gọ́tà náà dé òpin, wọ́n sì padà wá bá mi. "Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ilẹ̀ tèmi ní Agboyi, ìwọ ni kí o wá bá mi ṣe é."

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́, n kì í fọ́nnu. Mo kàn ń sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe ilẹ̀ Bàbá Súlè.