Ohun Tí Bàbá Náà Ń Kó Jáde Nínú Omi

Òórùn ewé tí wọ́n ń sun ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé ilé àwọn ará Tibet ní Conyers, ìlú tí mò ń gbé lókè òkun níbí. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni èéfín náà á ti wọlé bá mi, á rọra dùn nímú, á sì ta díẹ̀ lọ́fun. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń sun ewé náà láràárọ̀ lẹ́yìnkùlé. Á dúró tì í, ètè rẹ̀ á máa mì, a ò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Ìwọ náà mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ sí bàbá yìí.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ló mú mi débẹ̀. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn páìpù ọsibítù náà, òun sì jẹ́ ọmọ àwọn ogunléndé tó sá kúrò ní Tibet. Àwọn èèyàn rẹ̀ ra ilé àtijọ́ kan tí ilẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbàlagbà wọn sì ń gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ọgbà yẹn nìkan ló ń mú wọn jáde nílé. Àfi bí ọ̀dá ṣe dá lọ́dún náà, tí ìjọba káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ní kí ẹnikẹ́ni má fi omi ẹ̀rọ rin ọgbà mọ́. Nọ́ọ̀sì yìí wá bi mí bóyá mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbe omi òjò. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti ń to àgbá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ní Iléṣà láti kékeré!

Sátidé méjì la fi parí iṣẹ́ náà. A gbé táǹkì ńlá méjì sẹ́yìn ilé, a sì fa páìpù láti orí òrùlé wọ inú wọn. Òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn kún wọn dé ìdajì, àwọn ìyá àgbà pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera káúńtì ní òun ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí òun bá rí tanwíjí kan péré nínú omi náà, ó ní a máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ni, nítorí tanwíjí ló ń di ẹ̀fọn. Bí a bá sì tú u, ọgbà ti kú nìyẹn.

Mo lọ ra oògùn tó ń pa tanwíjí, èyí tó rí roboto bíi bisikíìtì tó sì máa ń léfòó. Mo ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú táǹkì kọ̀ọ̀kan, mo gbàdúrà díẹ̀ lé e lórí bí mo ṣe máa ń ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo sì bá tèmi lọ. Oògùn yẹn yẹ kó lo oṣù kan gbáko. Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò bá a níbẹ̀ mọ́, ìdérí tí mo dé pinpin sì ti ṣí díẹ̀. Mo ju òmíràn sí i. Ìyẹn náà tún pòórá.

Ni mo bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà. Bàbá náà ló tẹ̀ sórí táǹkì, ètè rẹ̀ ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú omi dé ìgúnpá. N kò dúró wò ó tán. Mo wọkọ̀, mo padà sílé, mo sì sọ ohun tí mo rí fún ìyàwó mi.

"Honey, ẹ ò mọ what they are into o," ìyàwó mi sọ. "Ẹ kúrò níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan omi yẹn?"

Mo ní mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n lọ wẹ̀, mo sì lọ wẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sunday mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹgbẹ́ àdúrà, a sì dìde lórí ẹsẹ̀ wa, a gbàdúrà lòdì sí bàbá kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí òṣìṣẹ́ káúńtì dé, mo ṣí táǹkì, tanwíjí ń jó nínú ẹ̀. Inú bí mi. Mo pe nọ́ọ̀sì náà jáde, mo ní bàbá wọn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́, kó bi í ní ohun tó ń fi sínú omi. Bàbá gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́ ní èdè wọn.

"Wọn ò fi nǹkan kan sí i," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Wọ́n ń kó nǹkan jáde ni. Àwa kì í pa nǹkan ẹlẹ́mìí."

Ó ní ìgbà tí bàbá rí i pé àwọn kòkòrò kéékèèké ń kú lẹ́yìn tí mo bá lọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oògùn náà. Asẹ́ tíì ló fi ń kó àwọn tó wà láàyè lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó sì ń ṣàdúrà fún àwọn tó ti kú, bó ṣe ń ṣàdúrà nídìí ewé tó ń sun láràárọ̀. Tanwíjí o! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nọ́ọ̀sì náà ń wolẹ̀.

"Wọ́n tún sọ nǹkan kan," ó ní. "Wọ́n ní ẹ máa ń wá síbí, ẹ ò ní kí ẹnì kankan, ẹ ó lọ tààrà sídìí omi. Ẹ ó dijú, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ó ju nǹkan sí i, ẹ ó sì lọ. Wọ́n ní kí ni àwa fi ṣẹ̀ yín?"

Èmi tí mo dàgbà ní Iléṣà, tí ìyá mi máa ń fà létí bí mo bá kọjá lára àgbà láìkí i. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí koríko níbẹ̀, bàbá sì yára fà mí dìde, ẹ̀rù tiẹ̀ bà á díẹ̀. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e la jọ fi ṣiṣẹ́. A fi aṣọ sẹ́ gbogbo omi náà, bàbá ń gbé tanwíjí rẹ̀ lọ sódò, a sì fi nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré gan-an dí gbogbo ojú ihò táǹkì, kí ẹ̀fọn má bàa ráyè wọlé yé ẹyin rárá. Báyìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa pa. Òṣìṣẹ́ káúńtì yọjú wo inú rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó buwọ́ lù ú, ó lọ.

Mo padà sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà pé a ṣàṣìṣe. Ẹnì kan ní kò burú, pé kò sẹ́ni tí kì í fura. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó máa ń dùn mí. Ohun tí mo rò sí bàbá náà gan-an lòun náà rò sí mi. Èmi nìkan ló sì fi nǹkan sínú omi lóòótọ́.